Ìyá Oníkókó àti Àlùmọ́gàjí Tí Wọ́n Fi Lé Àbúrò Wọn Lọ́wọ́

Ní ọdún 1950 ni a bí Màmá wa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Oníkókó, sínú yàrá kan tí òfì gba ìdajì rẹ̀. Aláró ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń hun rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ta kókó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ni àkọ́bí, ọkùnrin kan ṣoṣo ló sì tẹ̀lé wọn.

Ní 1962, àwọn òbí mú Màmá kúrò nílé ìwé kí àbúrò yìí lè lọ. Wọ́n ní obìnrin tó bá ti mọ bí a ṣe ń ta kókó, ebi ò ní pa á. Lóòótọ́, ebi ò pa wọ́n. Ìbànújẹ́ ló pa wọ́n.

Wọ́n fẹ́ bàbá wa, awakọ̀ tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ní 1971. Láàárín ìgbà náà ni wọ́n dá àrà tó sọ iṣẹ́ wọn di olókìkí: wọ́n mú ẹyẹ méjì tó kọjú síra, àpẹẹrẹ tí ìyá wọn fi lé wọn lọ́wọ́, wọ́n tò wọ́n sáàárín ìlà gbọọrọ bíi irin ojú fèrèsé ilé ìgbàlódé. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ ní ẹyẹ ti há sára irin. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó bá rà á ni yóò tú u sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ẹni tó bá gé rọ́ọ̀gì kúrò lórí òfì ni à ń pè ní ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀. Màmá fẹ́ràn àbúrò wọn débi pé òun ni wọ́n máa ń fi àlùmọ́gàjí lé lọ́wọ́. Àwọn oníbàárà ń wò, kámẹ́rà ń tàn yẹ̀rì, Màmá ń gbá eruku irun lẹ́yìn àbúrò wọn. Báyìí ni ọ̀gbẹ́ni tí kò ta kókó kan rí ṣe di bàbá rọ́ọ̀gì. Bí oore bá pọ̀ lápọ̀jù, ibi ní í dà.

Màmá kì í pa àdúrà òwúrọ̀ jẹ. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn opó àdúgbò níṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Orúkọ àbúrò ló wà lára pátákó ilé ẹ̀kọ́ náà. Háà!

Ní 2019, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rọ́ọ̀gì kan tó jẹ́ tiwọn. Ìṣojú gbogbo wa, àbúrò náà wà níbẹ̀, ni wọ́n ti sọ pé àwọn fúnra àwọn ni yóò gé e, àti pé orí rẹ̀ ni kí a gbé pósí àwọn lé. Ó ku etí kan péré kí ó parí nígbà tí àìsàn gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n padà dé, òfì ti ṣófo. Àbúrò ti gé e, ó ti tà á. Ó ní ṣebí òun náà ló máa ń gé e tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Màmá ò bá a jà. Wọ́n jókòó síwájú òfì, wọ́n sunkún bí ọmọdé, wọn ò sì ta kókó mọ́ títí wọ́n fi dákẹ́ lóṣù tó kọjá.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni ọmọbìnrin wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin wọn tó jẹ́ mẹkáníìkì, èmi àbíkẹ́yìn tí mo kọ èyí, ọmọ-ọmọ méje, àti àbúrò kan. Ó ní kí a kọ “gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà” síwájú orúkọ òun. A ò kọ ọ́.

Ẹ wo abẹ́ pósí, sìmẹ́ńtì lásán ni. Ẹ sùn re o, Màmá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹní fún yín, torí àwa ò rí nǹkan tẹ́.