Fìlà Tí Mo Kọ̀ Gbà

                                        Ilé Kẹrìnlá, Òpópónà Ìrókò,
                                        Kubwa, Àbújá.
                                        Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2026.

Láníyì, àna mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ooru, mo sì kí Hàbíbátù ìyàwó rẹ kú ààwẹ̀. Ó ku díẹ̀ kó parí. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo ni ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú? Ṣé oògùn tí dókítà kọ fún ọ ti bá a mu? Àwọn ọmọ ńkọ́, àti ìyàwó kékeré tí wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín nínú àlàáfíà ní Ìlọrin.

Ní tiwa níbí, a wà. Orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́. Iná kì í dúró, ooru oṣù yìí sì dà bí ẹni pé wọ́n da ẹyin iná sórí òrùlé. Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n rẹ, ra ìkòkò amù kan láti Ushafa, omi inú rẹ̀ ló ń tù wá lára. Ó rẹ̀ mí, Láníyì. Àárẹ̀ tí mo bá gbé sùn ni mo tún ń gbé jí.

Má jẹ́ kí ìwé àfọwọ́kọ yìí já ọ láyà. Kò sẹ́ni tó kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ló wúwo ju fóònù lọ. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ ìjọba àti owó epo ni màá tún máa sọ.

O ó rẹ́rìn-ín bí o bá gbọ́ ohun tí mo ti ń ṣe láti bí ọjọ́ mélòó kan. Èmi tí n kò wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ rí kí n má sùn, mo ti di òǹwòran bésíbọ́ọ̀lù, eré àwọn tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ìdíje àgbáyé rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Orílẹ̀-èdè Pánámà wà níbẹ̀, Tony, ọkọ Kíkẹ́olúwa ọmọ mi, sì wà lára àwọn tó ń gbá a fún Pánámà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé fóònù rẹ̀ ti ara amù, ó jókòó, ó ní òun fẹ́ wo ọmọ òun. Èmi ń ka ìwé ìròyìn, àbí kí n sọ pé mo gbé e sójú. Nígbà tó yá, mo bi í pé kí ni àwọn ènìyàn yìí ń ṣe gan-an.

Ó ní, "Bàbá Kíkẹ́, ẹ máa ka ìwé ìròyìn yín."

Láníyì, obìnrin yìí mọ eré náà bí ẹni mọ ọ̀nà oko! Nígbà tó lọ wẹ àwọn ọmọ Kíkẹ́ ní Pánámà, pápá ìṣeré ni wọ́n máa ń gbé e lọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi là mí lọ́yẹ̀. Ó ní ẹni tó dúró láàárín ló ń ju bọ́ọ̀lù, ẹni tó mú igi dání fẹ́ gbá a lọ jìnnà, bí ó bá sì tàsé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó lọ jókòó. Mo bèèrè iṣẹ́ tí Tony ń ṣe nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní òun gan-an ló ń jù ú. Kò pẹ́ tí Tony fi jáde. Ó fa ẹsẹ̀ sókè, ó yí ara, ó ju bọ́ọ̀lù náà, ẹni tó mú igi sì gbá afẹ́fẹ́ lásán.

Ọwọ́ òsì ló fi jù ú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó kàn ní, "Ọwọ́ tí ẹ lé jáde nílé yìí nìyẹn. Òun náà ló ń bọ́ ọmọ yín."

Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ti rántí rẹ̀, kí o lè mọ̀ pé n kò gbàgbé. Tony dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú pálọ̀ mi. Kíkẹ́ ti kọ́ ọ, ó sì ṣe é dáadáa, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ó wá dìde, ó mú fìlà koríko kan tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ hun fún mi, ó sì fi ọwọ́ òsì nà án sí mi. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. Mo ní ẹni tí kò mọ ọwọ́ tí à ń fi fún àgbà ní nǹkan kò lè mọ bí à ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. O kan ilẹ̀kùn náà títí, o ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Àjèjì ni, kò mọ̀." Mo dá ọ lóhùn láti inú pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Oúnjẹ tutù nínú abọ́, àwọn àlejò bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìgbéyàwó máa wáyé, ilé rẹ ni wọ́n ti ṣe é. Ìwọ lo jókòó sórí àga tó yẹ kí n jókòó sí, ìwọ lo súre fún ọmọ mi. N kò wá. Ọdún kẹsàn-án rèé.

Òwe náà kò ní àbùkù, ẹni tó pa á lọ́jọ́ náà ló ní. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni Ọlọ́run fi agbára wọn sí. Mo ti na irú wọn ní kíláàsì, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ gànàgànà. Nítorí náà, n kò lè sọ pé n kò mọ̀. Ọmọ agbẹjọ́rò kan nínú ìjọ wa ni mo ti fojú sí fún Kíkẹ́. Nígbà tó ní agbábọ́ọ̀lù kan láti òkè òkun ni òun fẹ́, mo ti ń wá ẹ̀sùn tí màá fi kàn án kó tó wọlé rárá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló gbé e wá fún mi. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, ẹ̀gbọ́n rẹ pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo fura pé ó mọ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ tí a kọ́kọ́ rí Tony nínú fóònù, mo wo gbogbo ìgbà tí Pánámà gbá a. Wọ́n jáwé olúborí díẹ̀, wọ́n pàdánù díẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Tony ti dàgbà láàárín wọn, Kíkẹ́ sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé bí ìdíje yìí bá ti parí, ọkọ òun kò ní í gbá a mọ́. Ní ọjọ́ yẹn, ẹni tó kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ réré. Ẹni tó tẹ̀ lé e tún gbá a.

"Kai, Tony, rọra!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń pariwo mọ́ fóònù. "Ẹ wo bó ṣe ń mí, Bàbá Kíkẹ́. Apá ti ń dùn ún."

Mo rí i. Èjìká rẹ̀ ti rọ̀, ó ń fi apá nu ojú. Kò sẹ́ni tí yóò kọ́ mi bí àárẹ̀ ti rí. Kóòṣì wọn, bàbá kan tó ti hewú, wá ń rìn bọ̀ wá bá a láàárín pápá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń lọ kí olóòkú. Mo bèèrè ohun tó ń bọ̀ wá ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ni, pé bí wọ́n bá ti gbà á lọ́wọ́ ẹni, iṣẹ́ onítọ̀hún ti tán.

Ó yẹ kí o mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi òsì jù ú, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń ki bọ inú ìbọ̀wọ́ awọ ńlá kan tí wọ́n fi ń hán bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ òsì Tony. Kó kàn jù ú sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá yẹn ló kù, bí gbogbo àwọn yòókù ti ń ṣe. Tony kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó há a sí abíyá. Ó nu òógùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ó gbé bọ́ọ̀lù sí ọwọ́ ọ̀tún náà, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó sì fi fún bàbá náà lójú gbogbo ayé.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ròyìn eré náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni Tony máa ń ṣe, pé kò sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀, pé bóyá ó gbà pé ó ń mú oríire wá ni.

Ní Kubwa, a mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ dín ohùn fóònù náà kù. Ó wá ní, "Láti ọjọ́ yẹn ni. Níta níbẹ̀ yẹn, nídìí géètì, ló ti bi mí pé kí ni òun ṣe. Mo sọ fún un. Láti ìgbà náà, kò fi òsì fún àgbà ní nǹkan mọ́. Ìyá rẹ̀ pàápàá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ará Nàìjíríà ti pààrọ̀ ọmọ òun."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ẹ̀rọ omi. N kò wo ẹ̀rọ omi kankan. Ẹ̀yìnkùlé ni mo dúró sí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tí mo wọlé, mo ní kó bá mi wá fìlà náà. Ó ní, "Ó wà nínú àpótí mi, mo fi káńfọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n n kò ní í fún yín. Ẹni tó mú un wá ni yóò fún yín, bó bá ṣì wù ú."

Kíkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù Kejìlá, àwọn àti ọmọ méjèèjì tí n kò tíì fojú rí. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Maitama ni wọ́n máa dé sí. Kíkẹ́ ní òun kò ní í mú ọkọ òun padà síbi tí wọ́n ti lé e. Yàrá rẹ̀ wà níbí, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ mi yóò sì lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì nílùú tí mo ti tọ́ ọ dàgbà. Ẹ̀bi mi ni. Mo pè é lọ́jọ́ kejì eré náà. Ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Sà, Láníyì! Bí ẹni ń kí ọ̀gá báńkì. Mo ní mo wo eré ọkọ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ṣé Mọ́mì wà nítòsí?" Mo gbé fóònù fún ìyá rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́. Ìwọ lo fà á lé ọkọ lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ ló yẹ kí ẹ̀bẹ̀ mi gbà. Pè wọ́n, kó sì jẹ́ Tony ni o máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Má sọ fún un pé mo ti darúgbó, kó dárí jì mí nítorí ewú. Sọ fún un pé mo jẹ̀bi, àti pé kì í ṣe àìmọ̀ ló fà á. Bí ó bá kọ̀, má rọ̀ ọ́ jù. Màá wọ ọkọ̀ lọ sí Maitama, màá jókòó sísàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì náà títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀. Ìwọ náà, forí jì mí. O ṣe iṣẹ́ bàbá dípò mi, o kò sì fi bú mi rí.

Bá mi kí Hàbíbátù àti gbogbo àwọn ọmọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní òun ra iṣu láti ọjà Kuje sílẹ̀ fún yín, pé bí a bá rí ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin, òun yóò fi rán an.

Bí Tony bá gbà láti wá, bá mi sọ fún un pé kó má ṣe pààrọ̀ ọwọ́ nítorí mi mọ́. Ọwọ́ òsì ni kó fi fún mi ní fìlà náà. Ọwọ́ méjèèjì ni màá fi gbà á.

Èmi ni àna rẹ tó ń retí èsì,

Bàbá Kíkẹ́
(J. A. Adéyẹmọ)