Ìkarahun Tí Mo Dà Pọ̀

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, òrùlé tó ń jò, àti ojú mi ni kò jẹ́ kí n sùn. Ojú ọ̀hún kò burú o, má fòyà.

Ìkarahun tíntìntín inú ẹrẹ̀ òkun ni mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì ṣà níbi iṣẹ́ wa níbí. Irú ọ́síjìn méjì tó wà nínú wọn, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́, ni àwọn onímọ̀ ń wọ̀n, kí wọ́n lè mọ bí òkun yìnyín ṣe tutù tó láyé àtijọ́: bí òkun bá ṣe tutù tó ni èyí tó wúwo ṣe ń pọ̀ tó. Ojú mi ń ṣe bàìbàì, mo wá da ti ìgbà tí yìnyín bo ayé pọ̀ mọ́ ti ìgbà ooru tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín: “Bàbá, yìnyín tó fi ẹgbẹ̀rún ọdún yọ́, ẹ yọ́ ọ lọ́jọ́ kan!” Ó sì rọra gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi.

Bá mi kí àwọn ọmọ, má sọ ti ojú fún wọn. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ni n ó gbéra bọ̀ wálé.