Ìyẹ́ Ni Mo Wí, N Kò Wí Ọyẹ́

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfẹ́kù ojú. Lórí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àmọ́ orúnkún ní kí n jókòó kọ ìyókù. Ráṣídì àbúrò mi, ìwọ tí o máa kà á fún Ìyá, mo kí ọ. Má fo ìlà kankan, pàápàá èyí tó bá bá ọ wí. Mo ti ní kí tíṣà wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kékeré tí a ń ṣe, kí ẹni tó ti gbọ́ ẹjọ́ yìí lápá kan lè gbọ́ apá kejì.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ọmọ-ọmọ mi lẹ́yìn mi, bíírò lọ́wọ́ mi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé wọ́n bá mi kọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé ọmọ yìí ni mo wá gbé fún Múrí ọmọ mi àti Fúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Iṣẹ́ náà kò le, àárò yín ló le. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Àṣàkẹ́ níbí tí ilẹ̀ bá mọ́. Fúnmiláyọ̀ rí i pé ara mi kò tíì balẹ̀, ló bá ra ìrọ̀rí kan fún mi ní ọjà Takie níbí. Ó ní ìyá ọkọ òun kò gbọdọ̀ gbórí lé ohun líle. Ó rọ̀ bí èlùbọ́ kíkúnná.

Láti ọjọ́ náà ni wàhálà ti dé. Ohun tó bá ojú ló bá imú: ojú ń yún mi, imú ń ṣomi, mo ń sín ṣáá, àyà mi sì ń súfèé. Múrí ní ọyẹ́ ni. Èmi náà kọ́kọ́ gbà, torí ọyẹ́ ti dé lóòótọ́. Àmọ́ bí mo bá jókòó síta nínú ọyẹ́ gan-an, ara mi a dá. Bí mo bá gbórí lé ìrọ̀rí, ó tún dé. Mo wá wo ojú rírán rẹ̀ dáadáa, ni mo bá rí ìyẹ́ funfun kan tó ń yọjú bí ọmọ tó ń wo àlejò. Nọ́ọ̀sì tó yẹ̀ mí wò ní ara mi kò gba ìyẹ́, kí n má ṣe jẹ́ kó sún mọ́ ibùsùn mi tàbí aṣọ mi. Ó fún mi lóògùn, ó ní bí èémí bá ń ṣòro, n kò gbọdọ̀ jókòó sílé, kí n sáré wá sí ọsibítù.

Mo pè yín lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já. Mo ní ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ráṣídì gbọ́ ọyẹ́. Àánú mi ṣe é, ó sáré lọ sí ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ lọ́dọ̀ yín, ó ra kóòtù òtútù kan tó wú fùkẹ̀, ó fi rán awakọ̀ sí mi. Mo gbé e wọ̀ lọ sí kíláàsì, mo ń yan. Kí tíṣà tó kọ̀wé kún bọ́ọ̀dù, ojú mi ti wú dí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní mo ti di búrẹ́dì. Ìyẹ́ ló kún inú kóòtù náà! Mo sá fún òjò, mo bọ́ sódò.

Mo tún pè, mo pariwo ìyẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ bá ibòmíràn yọ. Ráṣídì ní ta ló kó ìyẹ́ sábẹ́ orí mi, ẹyẹ ta ni. Ó ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ó ní ẹ ní kí n máa bọ̀ wálé, kí n má jẹun lọ́wọ́ Fúnmiláyọ̀ mọ́. Fóònù mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ìyàwó wà níbẹ̀, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá, ṣé èmi ni mo fẹ́ pa yín?”

Mo ní, “Dìde. Ìrọ̀rí ni ara mi kọ̀, kò kọ̀ ọ́.”

Ìyá mi, ẹ foríjì mí, n kò wá. Ẹyẹ kankan kò ké, èmi náà kò sì kú. Ẹ ní ẹ fẹ́ bẹ́ igi, ẹ fẹ́ẹ̀ bẹ́ èèyàn. Ráṣídì ní ta ló sin adìyẹ tó mi nílé wa, kí ló dé tí ìyẹ́ kò bá mi jà nígbà náà. Ara kì í ṣe òkúta. Ohun tó gbà lánàá, ó lè kọ̀ ọ́ lónìí. Ìwọ Ráṣídì, ìyẹ́ tí o rà fún mi pọ̀ ju ti Fúnmiláyọ̀ lọ. Bí ìyẹ́ bá sọ ìyàwó di àjẹ́, oṣó ni ìwọ. Kà á sókè kí Ìyá gbọ́.

Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé ìrọ̀rí náà jáde nílé. Ó fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ibùsùn, ó sá wọn sóòrùn. Òwú ni a rà, àwa méjèèjì jókòó, a rán òmíràn. Ó le díẹ̀. Mo ń sùn lórí rẹ̀ fọnfọn.

Kóòtù ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀. Kí Ráṣídì máa wọ̀ ọ́, ọyẹ́ ń mú ní Ọ̀yọ́ náà.

Iléyá kò ní pẹ́ dé. Bí ẹ bá fẹ́ rí mi, Ìyá mi, ẹ fi ẹnu ara yín pe Fúnmiláyọ̀ lórí fóònù, kí ẹ ṣàdúrà fún un. Bí ẹ bá pè é, àwa méjèèjì ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ọmọ. Bí ẹ kò bá pè é, ẹ má retí ẹnì kankan nínú wa.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, kò ní jẹ́ kí á wí ìyẹ́ kí ará ilé ẹni gbọ́ ọyẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Sídíkátù Àṣàkẹ́, ìyá ọkọ Fúnmiláyọ̀.