Ìlà Pupa Tí O Fà Sórí Wa

Ọmọ mi, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nítorí àga ọ́fíìsì yẹn ti lọ sílẹ̀? Ọlọ́run tó dá ọ sí di òní kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lọ́la. Àwa náà wà, a ò kú, a ò sì lè sọ pé a sanra. Òjò ń jò wọ yàrá tí o máa ń sùn sí, bàbá rẹ gbé abọ́ sábẹ́ ibi tó ń jò, ó ní òun ti tún òrùlé ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìlà pupa ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà tí àwọn ọ̀gá yín ra ilé iṣẹ́ ìránṣọ wa, tí o pè mí pé ìwọ gan-an ni wọ́n ní kó máa fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán iṣẹ́ wa, inú mi dùn débi pé mo sọ fún gbogbo ẹni tó jókòó ti máṣíìnì. Àwòrán dé, alábòójútó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Òpó ni mo rí, òpó kan fún ẹnì kan, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, mo ní ilé lọmọ mi ń kọ́. Ìgbà tó tún máa dé, ìlà pupa kan ti gba àárín àwọn òpó náà kọjá bí igi àjà, àwọn òpó kan yọrí lókè ẹ̀, àwọn kan ò kàn án rárá. Mo ní irú ilé wo lèyí? Mo pè ọ́, o ní ìpíndọ́gba iye aṣọ tí kálukú wa ń rán ni.

Ọmọ mi, bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo ṣe gbà á. Kí á pín in, kó dọ́gba. Mo rò pé ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ máa bù fún ẹni tí tirẹ̀ kéré, kí gbogbo wa lè dé ìdí ìlà. Mo sáré lọ bá Àǹtí Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi tó pọ̀n ọ́ nígbà tí àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, torí òpó tirẹ̀ ló kúrú jù. O mọ̀ pé ọrùn ẹ̀wù ló ń rán, iṣẹ́ tí kò ṣeé fi ìkánjú ṣe. Àwa tó kù, ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ là ń rán, eré là ń sá. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọmọ wa ti fa ìlà, wọ́n máa pín in kàn án. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ pé ọmọ tóun pọ̀n kò ní gbàgbé òun.

Nígbà tí oṣù parí, alábòójútó pe Àǹtí Pẹ̀lẹ́ àti àwọn méjì mìíràn, ó ní kí wọ́n kó àlùmọ́gàjí wọn máa lọ, wọn ò dé ìlà. Èmi ni mo bá a gbé àga rẹ̀ jáde. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé ṣé bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan dọ́gba lọ́dọ̀ yín nìyẹn.

Èyí tó tún wá pa mí láyà ni pé lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ìlà náà gòkè. Kò sẹ́ni tó ṣe ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi náà ò dín, síbẹ̀ òpó mi tó yọrí díẹ̀ ti wá wà nísàlẹ̀. Mo bi alábòójútó pé ta ló gbé e sókè, ó ní kò sẹ́ni tó gbé e, àwọn tó ń fà á wálẹ̀ ló ti lọ. Mo ní bí ẹ bá wá lé àwa náà ńkọ́? Ó ní yóò tún gòkè. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀. Bó bá wá ku ẹnì kan ṣoṣo, ta ni yóò bá dọ́gba?

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán, mo rẹ àkísà sómi, mo nu ìlà náà. Ó kù bí ojú ọgbẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti tẹ òmíràn jáde, orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ ẹ̀ pé ìwọ lo yà á. Mi ò lè nu ìyẹn.

Nígbà tí mo tún pè ọ́, o ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ, o kàn tẹ bọ́tìnnì ni. Bọ́tìnnì tí èmi mọ̀, aṣọ ló ń dè. Mi ò mọ̀ pé ó ń tú ilé. Jọ̀ọ́, bá mi fa ìlà yẹn wálẹ̀, ìwọ̀n ìka kan péré. Bí wọn ò bá gbà, pa á rẹ́. Bí wọn ò bá gbà yẹn náà, ṣáà jẹ́ kí n mọ̀ pé o bẹ̀ wọ́n.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra oògùn ojú fún àǹtí rẹ, ọrùn ẹ̀wù ti ba ojú ẹ̀ jẹ́. Èmi ni kó o fi í ránṣẹ́ sí, n ó ní bàbá rẹ ló fún mi. Tí àǹtí rẹ bá mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ló ti wá, kò ní gbà á.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Ọ̀nà rẹ ò ní dí, ẹni tó jù ọ́ lọ ò ní fi ọ́ ṣe àpèjúwe. Bàbá rẹ kí ọ, àwọn àbúrò rẹ kí ọ. Mo bi Àǹtí Pẹ̀lẹ́ pé kí ni kí n bá a sọ fún ọ. Ó dìde, ó lọ sá aṣọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.