Kẹ̀kẹ́ Ẹlẹ́ni Méjì Tí Mo Yàn fún Naeem àti Ìyàwó Ẹ̀

Sàlíhù tá a jọ ń ta kẹ̀kẹ́ ló ń parọ́, kó máa parọ́ ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò lè ki táyà bọ ríìmù láìjẹ́ pé aládùúgbò mẹ́ta bá a dì í mú, òun ló ń sọ káàkiri Challenge pé Kásímù ò mọ kẹ̀kẹ́ ológeere yàn. Èmi Kásímù! Èmi tí màá dijú, tí wàá yí pẹ́dà, tí màá sọ fún ọ bóyá ọkùnrin ló gùn ún lókè òkun àbí obìnrin, àti bóyá onítọ̀hún sanra! Gbogbo kẹ̀kẹ́ tí mo ti tà láti Òkè-Oyì dé Post Office, tí wọ́n bá tò wọ́n tẹ̀léra, èyí tó wà níwájú á ti kírun alẹ́ kí èyí tó wà lẹ́yìn tó ṣe àlùwàlá àárọ̀.

Naeem ọmọ mi, má bínú, mi ò tíì kí ọ, Sàlíhù ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Sàlámù àlékù o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó wa Ummu Salamah ńkọ́, ọrùn ọwọ́ tó fi ṣèṣe ńkọ́, ṣé ó ti lè fi ro ọkà? Ọlọ́hun á bá wa tọ́jú ẹ̀. Ọlọ́hun á fi àlùbáríkà sí ilé yín, ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ, ẹ ò ní ṣubú lójú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé àdúà ìkẹyìn yẹn pẹ́ díẹ̀, ó yẹ kí n ti ṣe é ní ọjọ́ mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹ ṣe àmín ẹ̀ náà.

Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ló ń ka lẹ́tà yìí sí ọ létí. Ummu, mo bẹ̀ ọ́, má fo ibì kankan. Tó o bá dé ibi tí mo ti ń yin ara mi, kà á kíákíá. Tó o bá dé ibi tí mo ti ń bẹ̀bẹ̀, rọra kà á.

Ilé wà bó ṣe wà ní Òkè-Oyì níbí. Ìyá wa, ìyẹn ìyá àgbà rẹ, ń kí ọ. Ewúrẹ́ ẹ̀ bí mẹ́ta, ó fi orúkọ rẹ sọ akọ, torí ó ní kì í fesì téèyàn bá pè é. Wọ́n ti ri òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀yìn ilé wa, ó ga ju mọ́ṣáláṣí lọ. Láràárọ̀ ni Ìyá ń lọ dúró nídìí ẹ̀ láti kí ọ, ó ní wọ́n sọ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà lọ sí Ìlọrin. Mo sọ fún un pé kò lè lọ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àfi kó kọ́kọ́ ra káàdì, kó há a mọ́ ìdí òpó. Ó ti há a. Ṣé o gbọ́ nǹkan kan láàárọ̀ Jímọ́ọ̀? Ohùn ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ le, ó ń húkọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bírò. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ọdún kan àti oṣù méjì lo fi jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ló bí ọ, láti ọjọ́ tó sì ti papòdà, èmi Bàbá Kékeré ni bàbá rẹ. O máa ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀ láàárín èrò, tó bá ku àwa méjì o máa ń pè mí ní “ìwọ Kásímù,” mo sì fẹ́ràn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí o ní kí n bá ìwọ àti ìyàwó rẹ yan kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí ẹ máa ní. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ọjà. Mo ní ọmọ mi, tíṣà ńlá ní Fate, èmi ló ní kí n bá òun yàn án.

Lẹ́yìn náà lo kọ ọ̀rọ̀ sí mi lórí fóònù. Naeem, ọ̀rọ̀ yẹn gùn bí ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ sì ni látòkè délẹ̀. Mo rí ibi tí o kọ kẹ̀kẹ́, mo rí orúkọ ìyàwó rẹ, mo ní ó tó. Mo tẹ àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí ọ. Ṣé o mọ̀ pé nígbà tí Ìyá lọ gba owó ní báńkì, tí kò mọ̀wé kọ, àtàǹpàkò ni wọ́n ní kó tẹ̀? Èrò mi ni pé àwọn tó ṣe fóònù mọ̀ pé irú wa pọ̀ láyé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ya àtàǹpàkò síbẹ̀ fún ẹni tí kò lè kà á. Mo rò pé tó o bá ti rí i, wàá mọ̀ pé mi ò kà á, wàá sì pè mí. Ọmọ kékeré kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là mí lóye pé ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé mo ti kà á, ó yé mi, mo sì fara mọ́ ọn.

Mi ò ní fi ẹ̀bi sórí fóònù. Èmi náà ni mo sọ fún ọ lọ́jọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀, níwájú gbogbo àlejò, pé mo ti ń ka gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń mu ẹ̀kọ. O gbà mí gbọ́. Ta ló ní kó o gbà mí gbọ́?

Kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ló wà ní àgbàlá tí wọ́n ń já ọjà tòkúnbọ̀ sí ní Challenge. Aláwọ̀ ewé kò ní bíréèkì. Pupa rẹlẹ̀ níwájú, irin àárín ẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀, obìnrin lè fi búbù gùn ún. Aláwọ̀ aró ga níwájú bí ẹṣin ọba, mo sì mú un. Nígbà tí ẹ dé, Ummu ní pupa ló wu òun, pé níwájú lòun máa jókòó. Naeem, o rántí ohun tí mo ṣe. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di irin mú. Mo bi ọ́ níwájú Sàlíhù àtàwọn alágbàrù pé ṣé àpò gààrì ni ọ́ ni, tí ìyàwó fi máa gbé ọ sẹ́yìn káàkiri Ìlọrin. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ummu ṣí ẹnu, o fọwọ́ kàn án léjìká, ó sì pa ẹnu dé. Mo rò pé ẹ ti gba tèmi ni. O gun iwájú.

Ẹ lọ dáadáa dé Fate, èmi wà nínú Márúwá lẹ́yìn yín, mo ń pariwo fún àwọn èèyàn pé ọmọ mi nìyẹn, èmi ni mo yàn án. Wílíbárò ìrèké yẹn wà lápá òsì, gbangba gbàngbà, èèyàn lè rí i láti Òkè-Oyì. Mo rí i pé o ń súnmọ́ ọn, mo rò pé o ń ṣe fáàrí fún ìyàwó rẹ ni, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí mo fò sílẹ̀, ẹ ti wà nínú gọ́tà pẹ̀lú ìrèké, Ummu sì ń di ọwọ́ ara ẹ̀ mú. Ó wò mí, kò bú mi. Ó bi mí pé ṣé mi ò ka ohun tí ẹ kọ ránṣẹ́ ni, pé ojú ọkọ òun ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, pé ọ̀gangan iwájú nìkan ló ń rí, bí ẹni ń yọjú láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Ó ní ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni méjì, torí pé o ò lè dá kẹ̀kẹ́ gùn mọ́, o sì fẹ́ràn ẹ̀ ju oúnjẹ lọ.

Ìwọ wá dìde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, o ní, “Ẹ má bínú, Bàbá Kékeré.” Ìwọ lo bẹ̀ mí! O ní kí n dá kẹ̀kẹ́ padà, pé o ò gùn ún mọ́ láyé. Látọjọ́ náà, mo pè títí, o ò gbé e.

Mo lọ sí ọsibítù ojú. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ojú tèmi dáa, ó tún pọ̀ jù fún ohun tí mo ń fi í wò, kó bá mi fi ìdajì ránṣẹ́ sí ọ bí wọ́n ṣe ń fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì sí àkáǹtì, màá san owó ìfiránṣẹ́. Mo rò pé ó máa rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n tó o bá ń kán oògùn rẹ láìfo ọjọ́ kan, èyí tó kù lè dúró. Naeem, jọ̀ọ́, máa kán an. Wọ́n ní kí n jókòó yẹ ojú tèmi wò. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, wọ́n bi mí pé tí nǹkan bá ṣe mí, ta ni kí wọ́n pè. Mo kọ nọ́ńbà rẹ. Mo wá rántí pé o ò ní gbé e.

Ṣé o rántí ta ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́? Kì í ṣe Sàlíhù. Kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ ni, lórí pápá yídì, ẹsẹ̀ mi ò tó ilẹ̀. Èmi ni mo wà níwájú, ìwọ wà lórí káríà lẹ́yìn, o di ìbàdí mi mú, ò ń sọ fún mi pé kí n máa wo iwájú, kí n má bẹ̀rù, o wà lẹ́yìn. A yí pápá yẹn ká nígbà mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní àpò gààrì lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́ tí mo bá fẹ́ jẹun, ohùn ara mi ni mo sì ń gbọ́.

Mo ti dá aláwọ̀ aró padà, mo ti gba pupa. Èmi nìkan ni mo gùn ún wálé láti Challenge. Gbogbo ọ̀nà làwọn èèyàn ń ké sí mi pé èèyàn mi ti já bọ́ lẹ́yìn o. Níbẹ̀rẹ̀ mo ń dá wọn lápàárá. Nígbà tó yá mo kàn ń sọ pé mo mọ̀.

Sunday tó ń bọ̀, ẹ wá. Mo ti gbá pápá yídì, kò sí òkúta, kò sí wílíbárò, mo ti so ewúrẹ́ tó ń jẹ́ Naeem mọ́lẹ̀. Ummu ló máa wà níwájú. Èmi máa dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, èmi àti ẹ̀ la jọ máa sùn sí tésàn. Mo ti ránṣẹ́ pe Sàlíhù pàápàá, kó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé irọ́ kọ́ ló ń pa, mo kàn kọ ọ́ sókè níbẹ̀un torí inú ń bí mi. Ummu, tó o bá fẹ́, fo ibí yìí nìkan.

Bó o bá ń bọ̀, mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún dání fún mi. Má fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì o, ọwọ́ ni kó o fi mú un wá. Kì í ṣe pé mo nílò ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí mi ò bá tọrọ owó, wàá rò pé ẹlòmíì ló kọ lẹ́tà yìí. Ọlọ́hun á ṣọ́ èyí tó kù nínú ojú rẹ. Èyí tó ti lọ, á fi ojú ìyàwó rẹ dí i fún ọ.

Èmi bàbá rẹ, Kásímù. Má pè mí. Mo ti pa fóònù mi, mo ti rì í mọ́ inú àpò ìrẹsì Ìyá, kó o má baà ríbi tẹ àtàǹpàkò ránṣẹ́ sí mi.