Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì Màámi

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo purọ́ fún ìyá tó bí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, lórí ìkúnlẹ̀, lójúkojú. Irọ́ náà kì í tiẹ̀ ṣe tèmi... ti ọkọ mi ni, èmi ni mo bá a pa á. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá tẹ́ ẹní ìrun, ohùn mi kì í jáde. Ẹ̀yin ìyá tó wà nínú group yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ìmọ̀ ẹ̀sìn, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin kí ẹ tó bú mi.

Kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ná, kí ẹ má baà rò pé aláìmoore ni mí. Alápẹ̀rẹ̀ là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa méjì. Télọ̀ ni ọkọ mi, jàlàbíyà ló ń rán ní Kétu. Ilé-kéwú ni wọ́n ti kọ́ mi ní ìwé, Alfa tó kọ́ mi ló sì so yìgì wa. Ọkọ mi kì í mutí, kì í lù mí, kì í pa ìrun jẹ. Mo ń sọ èyí torí mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí n kó ẹrù mi jáde. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Màámi ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12, inú ọjà yẹn ni mo dàgbà sí. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ̀ pé oníkálukú ló ní àmì tó máa ń so mọ́ etí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí alábàárù má baà gbé ọjà ẹnìkan lọ fún ẹlòmíràn. Aṣọ ni àmì ti Màámi. Ìró kan tí wọ́n fi ń pọ̀n mí nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni, búlúù tó ní òdòdó yẹ́lò. Nígbà tó gbó, wọ́n fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni wọ́n ń so mọ́ apẹ̀rẹ̀ wọn títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi aṣọ yẹn sọ́kàn.

Fóònù ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ń wo àwọn fídíò kan, àwọn tọkọtaya tó fi ìlú ńlá sílẹ̀, tí wọ́n ń gbin oúnjẹ wọn fúnra wọn, tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú ìgò, tí wọ́n ń kírun pọ̀, tí wọn ò dara wọn láàmú lórí ọjà. Ó ní ayé nìyẹn. Ó ní a ò mọ kẹ́míkà tó wà nínú ohun tí à ń rà, a ò mọ ọwọ́ tó ti kàn án, bóyá òun gan-an ni kì í jẹ́ kí àdúrà wa gbà. Ó ní ilé tó bá bẹ̀rù Ọlọ́run, ọwọ́ ara rẹ̀ ló yẹ kó máa fi bọ́ ara rẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó wọ̀ mí lára. Ó bẹ lánlọ́ọ̀dù, wọ́n fún wa láyè lórí dẹ́kìn òkè ilé. Èmi ni mo ń gbé erùpẹ̀ dúdú láti etí kánáàlì gun òkè, mo rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, mo gbin ata rodo, tòmátì, ilá, ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀. Ọjọ́ tí ata àkọ́kọ́ pọ́n, mo sunkún. Mo ní Bísímílà kí n tó já a. Nígbà tó pọ̀ ju ohun tá a lè jẹ lọ, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Mo ń rẹ́ ilá, mò ń sá a títí á fi di òrúnlá. Mo ń lọ ata, mò ń sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ dànù, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá da epo bo orí rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọ ibẹ̀. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí ata á máa jó mi lọ́wọ́ débi pé mi ò lè fọ ojú ọmọ mi kékeré. Ọkọ mi ta fíríìjì wa, ó ní àwọn tó ṣáájú wa ò lo fíríìjì. Iṣẹ́ tiẹ̀ lórí dẹ́kìn yẹn ni kó máa gbé fóònù sókè kó fi ká mi sílẹ̀ nígbà tí mo bá ń ṣiṣẹ́.

Ó wá fi òfin sí i. Yàtọ̀ sí iyọ̀, epo àti gàrí, nǹkan kan ò gbọdọ̀ ti ọjà wọlé wa mọ́. Màámi kúkú ti máa ń fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì ránṣẹ́ sí mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà nílé ọkọ. Nígbà tí alábàárù gbé tọ̀sẹ̀ yẹn dé, ọkọ mi ní kí n dá a padà, pé tá a bá ṣílẹ̀kùn fún ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ á bàjẹ́ nìyẹn. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e padà lé alábàárù lórí. Mo wá pe Màámi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàásù fún wọn lórí fóònù, kẹ́míkà báyìí, ìgbé ayé ìwọ̀ntúnwọ̀nsì báyìí... Wọ́n jẹ́ kí n parí. Wọ́n wá ní, “Ata tí mo fi tọ́ ẹ dàgbà, òun ló wá di májèlé lónìí?” Wọ́n pa fóònù. Láti ìgbà yẹn, mi ò lè fẹsẹ̀ kan Mile 12 mọ́. Ojú ń tì mí, àyà mi tún wá le.

Fídíò wa tí ọkọ mi ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń tàn kiri. Àwọn obìnrin àsàlátù pè mí kí n wá kọ́ àwọn. Mo dúró níwájú wọn, mo ní kò sí nǹkan ọjà Mile 12 kankan tó ń wọ ẹnu àwọn ọmọ mi, wọ́n pariwo Allahu Akbar, wọ́n ká a sílẹ̀. Mo tún yin ọkọ mi. Mo ní tí a bá jókòó jẹun lálẹ́, òkèlè bíi mélòó kan ni bàbá náà máa jẹ, á ní Àlùhámúdúlílàhì, á ti abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo ní ẹ wo ọkùnrin tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ọmọ! Ẹnu mi báyìí ni mo fi sọ ọ́.

Òjò wá dé. Oòrùn ò ràn mọ́. Ilá tí mo sá bu, tòmátì jẹrà lórí igi, àwọn ìgò tí mo tọ́jú ń tán lọ díẹ̀díẹ̀. Gàrí àti òrúnlá là ń jẹ, gàrí àti òrúnlá, títí ojú ọmọ fi ń wọnú. Tíṣà ọmọ mi àgbà, Fàrídà, pè mí pé ọmọ náà ń sùn ní kíláàsì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ará ilé wa kan ń dín ẹja, Fàrídà dúró sẹ́nu ọ̀nà ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó wá bi mí pé ṣé àwa náà lè jẹ ẹja. Mo ní kó tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọmọ ọdún méje. Ó ń wí Astagfirullah, ó ń dá itọ́ mì. Kí lọmọ náà ṣe? Ẹ sọ fún mi, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?

Mo gbọ́ pé orókún ń dun Aunty, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Oúnjẹ ni wọ́n ń tà ní Kétu, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi. Ìgò ata kan ṣoṣo ló kù nílé, mo mú un, mo di òrúnlá díẹ̀ mọ́ ọn, mo ní kí n lọ kí wọn. Ẹ̀yìn níbi tí wọ́n ti ń dáná ni mo gbà wọlé. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì wà nílẹ̀ níbẹ̀, tòmátì tó pupa tó dán, aṣọ wà létí rẹ̀. Búlúù. Òdòdó yẹ́lò. Mo kọ́kọ́ rò pé ó jọ ọ́ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kàn án... ṣé mi ò ní mọ aṣọ tí wọ́n fi pọ̀n mí ni?

Aunty jáde sí mi tàwọn ti ìgbakọ lọ́wọ́, ẹ̀rín ń pa wọ́n. “Ìyàwó wa! Ṣé o ti rí nǹkan tí màmá ẹ fi ń tọ́jú wa? Gbogbo Jímọ̀ lọkọ ẹ ń gbé e wá o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n.” Mo ní àmín, mà. Wọ́n gba ìgò ata ọwọ́ mi, wọ́n gbé e sókè wò. “Èyí tó dúdú yìí ńkọ́? Áà, abájọ! Tí ọkọ ẹ bá débí lọ́sàn-án, abọ́ méjì ló ń jẹ, pẹ̀lú ẹja pẹ̀lú pọ̀nmọ́. Mo bi í pé ṣé ìyàwó ẹ ò mọ ọbẹ̀ sè ni!” Àwọn ọmọbìnrin tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo dúró síbẹ̀, mo bá wọn rẹ́rìn-ín.

Mi ò padà sílé. Mile 12 ni mo forí lé. Màámi jókòó nídìí ọjà, wọ́n ń ṣa èyí tó rọ̀ kúrò lára èyí tó le. Wọn ò dìde. Mo kúnlẹ̀ sínú omi tòmátì tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Mi ò tíì lanu tí wọ́n fi ní àwọn ò bínú. Wọ́n ní ọkọ mi ti ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún àwọn láti ọjọ́ yìí. Ó sọ fún wọn pé ojú ló ń tì mí, pé mi ò fẹ́ kí àwọn àsàlátù rí apẹ̀rẹ̀ ọjà lẹ́nu ọ̀nà mi, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà ń wu èmi àti àwọn ọmọ, òun á máa fúnra òun wá gbé e, kí Màámi ṣáà má dárúkọ ẹ̀ fún mi kí n má baà tẹ́. Wọ́n ní àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn máa ń ṣí fídíò mi fún àwọn, wọ́n á ní, “Ìyá Alátà, ọmọ yín ní májèlé lẹ̀ ń tà fáráyé o!” Wọ́n ní àwọn máa ń dákẹ́ ni. Wọ́n ní, “Mo gbà kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí ìwọ má tẹ́ lójú ẹgbẹ́ ẹ. Kó ṣáà máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Ṣé ó ń dé?”

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé-kéwú nípa kí ìyàwó máa bo àṣírí ọkọ ló sáré wá sọ́kàn mi. Mo rò ó pé tí mo bá ní kò dé, Màámi á já gèlè sílẹ̀, gbogbo ìsọ̀ á gbọ́, wọ́n á máa pe bàbá àwọn ọmọ mi lólè. Mo ní, “Ó ń dé, mà. Ẹ ṣé, mà.”

Màámi rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí mo ti dá apẹ̀rẹ̀ wọn padà. Wọ́n ṣa èyí tó dára jù sínú ọ̀rá, wọ́n ra ẹja lé e, wọ́n ní kí n lọ dín in fún Fàrídà. Mo sáré dín in kí ọkọ mi tó dé. Àwọn ọmọ lá abọ́ wọn mọ́. Mo fọ ìkòkò, mo ṣí wíńdò, mo bu omi sí ẹnu àwọn ọmọ kí òórùn ẹja má baà kù níbẹ̀... Nínú ilé ara mi, mo ń fi oúnjẹ ìyá mi pamọ́ bí ẹni tó jí i gbé.

Lálẹ́, ọkọ mi jẹ òkèlè mélòó kan, ó yin Ọlọ́run lórí oúnjẹ ọwọ́ ara ẹni, ó ti abọ́ sọ́dọ̀ ọmọ. Mo rọra bi í pé ṣé ó jẹun níta ni. Ó wo ojú mi. “Ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí, Ìyá Fàrídà.” Ohun tó sọ nìyẹn.

Sunday tó ń bọ̀ yìí ni àsàlátù fẹ́ ṣe ètò ńlá, èmi àti ọkọ mi la máa sọ̀rọ̀ lórí ilé tó ń bọ́ ara rẹ̀. Ọkọ mi ti lọ bẹ Màámi, wọ́n ti gbà láti kó tòmátì àti ata tí wọ́n máa fi se oúnjẹ ọjọ́ náà wá. Wọ́n ń bọ̀ fúnra wọn, wọ́n ti ra híjáàbù tuntun. Iwájú ni wọ́n máa jókòó. Wọ́n á gbé máìkì fún mi, ọkọ mi sì ti ní kí n má gbàgbé láti tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ, pé nǹkan ọjà ò wọlé wa. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Màámi? Tí mo bá sọ òótọ́, mo ti tú ọkọ mi síta. Tí mo bá dákẹ́, mo tún ti ta ìyá mi fún àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kí n kọ́kọ́ kò ó lójú nílé ni? Tó bá tún fi Ọlọ́run búra ńkọ́? Ṣé kí n lọ bá Alfa tó so wá pọ̀? Àbí kí n ní àìsàn ń ṣe mí, kí n má lọ?

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé mo ṣì fẹ́ràn oko kékeré mi yẹn. Kì í ṣe ọgbọ́n ẹ̀tàn lójú tèmi. Mo gbà á gbọ́. Òjò ti dáwọ́ dúró, ata mi tún ti pọ́n lórí dẹ́kìn, ó pupa yòò, mi ò tíì já ẹyọ kan. Ọkàn mi ní kí n já gbogbo ẹ̀, kí n gbé e lọ fún Màámi kó tó di Sunday, kí n ní ẹ̀yin náà ẹ wá jẹ nínú tèmi. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n. Wọ́n á gbà á, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á wá ní kí n gbé e padà lọ fún àwọn ọmọ, wọ́n á tún bi mí pé ṣé èyí táwọn ń fi rán ọkọ mi ń tó wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá wọn lóhùn?