Ìyá Onírùngbọ̀n: Ìgbésí Ayé Ìyá Wa Nídìí Iléru

Búrẹ́dì wà nínú ààrò lọ́wọ́ nígbà tí ìrọbí mú ìyá àgbà ní ọdún 1951. Wọ́n ní kí ọkọ wọn máa wo búrẹ́dì. Ilẹ̀kùn yàrá ni bàbá àgbà ń wò. Búrẹ́dì jóná, ọmọ yè. Báyìí ni a ṣe bí ìyá wa, àkọ́bí alábúrẹ́dì àti káfíńtà.

Ní ilé ìwé, Màmá kì í béèrè ìdí tí nǹkan fi le. Ìdí tó fi fọ́ ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n gboyè nínú ìmọ̀ amọ̀ sísun ní 1975. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́ télọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n nínú ilé náà: Màmá ń sọ ti ẹni méjì.

Iṣẹ́ wọn nìyí. Amọ̀ sísun ń fara da iná, ṣùgbọ́n ó ń fọ́ bí àwo. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi fọ́nrán tín-ín-rín tó lágbára sínú rẹ̀. Bí fọ́nrán bá lẹ̀ mọ́ amọ̀ jù, tí amọ̀ bá sán, fọ́nrán á já pẹ̀lú rẹ̀. Ni wọ́n bá ń fi ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo fọ́nrán lára, bí ìyá àgbà ṣe ń fi òróró pa agolo búrẹ́dì, kí ó lè yọ̀ díẹ̀, kí ó má já. Ègé amọ̀ tó dára, bó bá tilẹ̀ fọ́, fọ́nrán á yọ jáde lójú ibi tó ti fọ́ bí irùngbọ̀n. Àràárọ̀ ni Màmá ń béèrè pé, "Ṣé ó hu irùngbọ̀n?" Ibẹ̀ ni ìnagijẹ wọn ti wá.

Ní 1988, iléeṣẹ́ tí Màmá ń bá ṣiṣẹ́ fẹ́ kó irú ègé bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúnáwá. Èédú ni wọ́n fi bo fọ́nrán. Ègé náà yege nínú iléru, ṣùgbọ́n iléru tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde ni.

Màmá ní, "Ẹ̀rọ wo ni kì í mí?"

Ọ̀gá iléeṣẹ́ ní, "Ìyá Onírùngbọ̀n, tí ẹ bá dán an wò tó fọ́, wọ́n á ti yàrá iléru pa. Iṣẹ́ yín náà lọ nìyẹn."

"Tó bá wá fọ́ sínú ẹ̀rọ ńkọ́?"

Màmá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ iléru. Ègé náà dá sí méjì bí bísíkíìtì. Kò hu irun kan. Afẹ́fẹ́ ti gba ojú sísán kéékèèké wọlé, ó jó èédú náà tán, ohun bíi dígí sì lẹ fọ́nrán mọ́ amọ̀.

Wọ́n ti yàrá náà pa lóòótọ́. Màmá mú ègé náà relé, wọ́n sì bá ìyá àgbà ta búrẹ́dì fún ọdún kan. Wọn ò sunkún. Wọ́n sanra.

Ìgbà tí ègé iléeṣẹ́ mìíràn fọ́ sínú ẹ̀rọ ni ọ̀gá rántí ọ̀rọ̀ Màmá. Ó wá sídìí ààrò, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá." Wọ́n ta búrẹ́dì fún un kí wọ́n tó dáhùn.

Nígbà tí wọ́n padà síbi iṣẹ́, wọ́n fi ohun funfun kan tí kì í tètè jóná rọ́pò èédú, wọ́n sì dí etí ègé tuntun náà pa kí afẹ́fẹ́ má ráyè wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ọ wò, Màmá tẹ ọkọ wọn láago: "Bàbá wọn, ó hu irùngbọ̀n! Nínú afẹ́fẹ́!"

Télọ̀ ní, "O kú oríire. Ṣé wàá wá jẹun?"

Nílé ìsìn, inú ẹgbẹ́ akọrin ni Màmá wà. Ohùn wọn kò dára. Wọn kò sì dákẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò lẹ́nu ọ̀nà wa. Bí ọmọ-ọmọ bá fọ́ àwo, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú ibi tó ti fọ́ kí wọ́n tó bá a wí.

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni wọ́n nígbà tí wọ́n sùn. Wọ́n fi ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ọmọ-ọmọ méje sáyé lọ. Màmá, iná ti tó. Kí ẹ sinmi níbi tútù o.

Ègé tó dá ní 1988 wà lórí tábìlì ìjẹun. Orí rẹ̀ la ṣì ń gbé ìkòkò gbígbóná kà.